Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Má Ri Géètì Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà Òkè Shek Lung Tin

Ilé Kẹtàdínlógún,
Abúlé Shek Lung Tin,
Erékùṣù Lantau,
Hong Kong.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ọ̀nà Òkè,
Erékùṣù Lantau.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MO FẸ́ KÓ Ọ̀RỌ̀ MI JẸ: Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN ÀWỌN ONÍKẸ̀KẸ́ NÍ OṢÙ KEJÌ

1. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Orúkọ mi ni Mok Hing-cheung. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Èmi ni mo máa ń ju okùn sí ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wa. Ìwé girama nìkan ni mo kà, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u. Ẹ ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà òkè wa pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ẹ óò ri géètì síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ní gba ibẹ̀ mọ́. Ìwé náà ní "ará abúlé kan" ló fẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi ni ará abúlé náà. Mi ò fi orúkọ sí lẹ́tà yẹn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

2. Ẹ̀sùn kìíní: mo ní kẹ̀kẹ́ ti gbẹ́ ọ̀nà náà di kòtò, pé mo ka mọ́kànlélógójì. Mo kà á lóòótọ́. Ohun tí mi ò wò ni ìrísí wọn. Lẹ́yìn òjò kan ní oṣù kẹta, mo pàdé ẹfọ̀n mẹ́rin tó ń gbé ní àbàtà ìsàlẹ̀ abúlé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń tẹ kòtò tuntun lójú mi kòrókòró, èyí tó ṣáájú sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣìnà. Pátákò ni, kì í ṣe táyà.

3. Ẹ̀sùn kejì: mo ní obìnrin oníkẹ̀kẹ́ kan gbá mi ṣubú. Kwok Tsz-yan ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún a sì máa bá ọkọ̀ wa wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò fara kàn mí. Ó lu aago láti òkèèrè, ó dúró, ó tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ti pinnu lọ́kàn mi pé a óò kọlu ara wa; mo fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì bọ́ sí kòtò àgbàrá pẹ̀lú abọ́ tòfú rírọ̀, wàrà ẹ̀wà sóyà, tí mo rà fún ìyá mi. Omi atalẹ̀ rẹ̀ dà sí mi lórí. Obìnrin náà nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?" Ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rín mì. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ lẹ́tà.

4. Ẹ̀sùn kẹta ló ń tì mí lójú jù. Mo ní wọn kì í bọ̀wọ̀ fún òkú, nítorí pé ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ibojì àwọn baba wa kọjá. Ibojì bàbá tèmi wà lókè pátápátá. Ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kò débẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, torí pé koríko àti kòtò ti gba ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ching Ming tó kọjá, ọjọ́ tí kálukú máa ń lọ tún ibojì àwọn òbí rẹ̀ ṣe, èmi nìkan ni mo ru odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun lọ láti lọ ro ojú oórì. Níbi kọ́nà kejì, orúnkún mi kọ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo gbé ẹlẹ́dẹ̀ lé itan bí ọmọ. Ta ni mo rí? Kwok àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì la ó gbé?"

Wọ́n de ẹlẹ́dẹ̀ náà mọ́ Kwok lẹ́yìn, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè díẹ̀díẹ̀, orí ẹlẹ́dẹ̀ yọ léjìká rẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń tiro tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá mi ro koríko, wọ́n tẹrí ba fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹran. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àwọn tí mo ní wọn kì í bọ̀wọ̀ fún òkú nìyẹn.

5. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń gbé ọkọ́ wá. Wọ́n dí kòtò mọ́kànlélógójì náà. Wọ́n to òkúta ṣe àtẹ̀gùn fún ẹlẹ́sẹ̀ ní apá kan, kẹ̀kẹ́ ń gba apá kejì. Ní oṣù kẹfà, ìyá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó gun òkè. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì débẹ̀. Ó fi ọ̀pá gbá òkúta ibojì ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ! O rò pé mo ti lọ fẹ́ ẹlòmíì, àbí?"

6. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé èmi náà ti ń gun kẹ̀kẹ́. Mo ti sin oyin rí, mo ti kọ́ fèrè ẹnu rí, kò sí èyí tí mo ṣe dópin. Ìyá mi ní èyí náà á kọjá. Kò tíì kọjá. Bí a bá ti yọ sí góńgó òkè, tí òkun wà lọ́tùn-ún, tí ó wà lósì, tí ọkọ̀ wa dà bí bàtà ọmọdé lórí omi, tí mo wá jọ̀wọ́ bíréèkì díẹ̀, ńṣe ni mo máa ń pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo ń wí.

7. Ọjọ́ tí ìwé yín jáde, gbogbo wa la jọ dúró kà á. Ẹ da ọ̀rọ̀ mi kọ pátá: kòtò, tòfú, òkú. Kwok fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò mí, ó ní, "Ẹni tó kọ èyí mọ ìṣirò o, ṣùgbọ́n kò mọ ẹfọ̀n." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo délé, aládùúgbò wa ti ka ìwé náà fún ìyá mi. Ó gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló gbé tòfú ṣubú lábúlé yìí bí kò ṣe ìwọ? Lọ kọ òmíràn. Kí o sì fi orúkọ bàbá rẹ sí i."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́wọ́ fún wọn ní èbúté. Kwok pariwo pé, "Mọ́kànlélógójì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ó máa ru òkúta wa títí ọjọ́ alẹ́ yín." Mo ń rù ú.

8. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí. Ìjì oṣù tó kọjá wó àtẹ̀gùn mọ́kànlá. Ọjọ́ Chung Yeung, tí a tún máa ń lọ sí ibojì, bọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ pé òun ń lọ kí ọkọ òun. Àwọn ọjọ́ Àìkú inú oṣù náà la fi máa tún àtẹ̀gùn ṣe. Bí géètì bá dúró, kò sẹ́ni tí yóò tún un ṣe, ìyá mi kò sì ní dé òkè.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló níwà. Nítorí náà, dípò géètì, ẹ bá wa ri pátákó kan: ẹlẹ́sẹ̀ ló lọ̀nà, kẹ̀kẹ́ yóò lu aago ní kọ́nà, yóò sì bọ́ sílẹ̀ níbi ibojì. Ẹ sì rán ẹnì kan wá wò ó ní ọjọ́ Chung Yeung. Ìyá mi ní awọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dún pàpà lẹ́nu, ti àlejò ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní orúkọ. Èyí ní.

Èmi ni tiyín, tòótọ́tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí,

Mok Hing-cheung,
ọmọ Mok Yiu-tong tó sinmi lórí òkè náà;
ajùkùn ọkọ̀, arùkúta ọ̀nà.