Ó Kọ “Bàbá Mi” Sẹ́yìn Aṣọ Rẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Oòrùn Èkó ọdún yìí le, Bàbá. Ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, kí ó tó di ìyálẹ̀ta, ọ̀dà ojú títì á ti máa rọ̀ mọ́ bàtà. Inú oòrùn yẹn ni mo wọ̀, tí mo lọ sá eré ìje ńlá tí wọ́n ń sá la ìlú Èkó kọjá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tó gba orí afárá gígùn, tó sì parí sí etí òkun. Ẹ má tíì bínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ pé mi ò gbọ́dọ̀ sáré láyé mi.

Owú ló gbé mi débẹ̀. Mi ò lè pa irọ́ fún yín, torí kò sígbà kankan tí ẹ kì í mọ̀ tí mo bá purọ́. Mo ń jowú Sìdíkátù, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tí ilé wọn kọjú sí tiwa.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i? Ẹ jókòó sórí àga yín níwájú ilé, ẹ ń fi orógbó panu. Ó ń lé ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ kiri òpópónà, ọmọdé kékeré ni, kò wọ bàtà. Ẹ dìde dúró. Ẹ ní, “Ọmọ yìí ní ẹsẹ̀.” Ìdí yín ni mo wà lórí àpótí, mo ń bó ẹ̀gúsí. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sáré lówùúrọ̀. Bàbá tirẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, oṣù á gorí oṣù kí ó tó wá sílé, inú ìyá rẹ̀ sì dùn pé Tíṣà Eléré, bí wọ́n ṣe ń pè yín, mú ọmọ òun lọ́mọ. Bí ẹ bá ti gba àdúrà òwúrọ̀ tán, tí Sìdí náà ti kírun tán nílé wọn, ẹ ó fọn fèrè yín lẹ́ẹ̀kan péré, òun á sì jáde. Èmi á dúró lójú fèrèsé, àyà mi á máa dún bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo. Màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ yín bó ṣe ń lọ síhà Gowon Estate títí tí mi ò fi ní gbọ́ ọ mọ́.

Ikọ́ fée ló dè mí mọ́lẹ̀ nígbà náà, mo mọ̀. Ẹ gbé mi sẹ́yìn sáré lọ sílé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀rù sì bà yín. Ṣùgbọ́n àyà mi sàn nígbà tí mo dàgbà, Bàbá. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo di olùkọ́ bíi tiyín ní Ìgàndó, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwé wa láìmí gúle-gúle. Kí ló dé tí ẹ kò fi wá bi mí bóyá mo lè sáré? Kí ló dé tí ẹ kò fọn fèrè yẹn fún èmi náà, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ibi tí ẹ ti rí ẹsẹ̀ ni ọkàn yín dúró sí?

Nígbà tí ẹ lọ, ẹkún Sìdí pọ̀ ju tèmi lọ. Ilẹ̀ ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín tí wọn kò mọ̀ wá sì ń fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n rò pé òun ni ọmọ. Èmi wà ní kíṣìnì, mò ń wá abọ́ tí wọn yóò fi bu oúnjẹ fún àlejò.

Mo gbé ìyẹn mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti fèrè. Lẹ́yìn ìrántí ọdún kan yín ni mo bi Màmá.

“Màmá, fèrè Bàbá dà?”

“Mo ti fún Sìdí.”

“Sìdí wo?”

“Sìdí mélòó la ní ní àdúgbò yìí? Òun ló mọ ohun tó máa fi ṣe. Ìwọ, ṣé o fẹ́ máa fi pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ni?”

“Ẹ ò tiẹ̀ bi mí, Màmá.”

“Gbọ́ ara rẹ jàre. Àga bàbá rẹ wà ńlẹ̀ yẹn, Bíbélì wọn wà ńlẹ̀, agbádá wọn wà nínú àpótí. Fèrè kan ṣá.”

Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sá aṣọ tó ti gbẹ padà sórí okùn, torí mi ò fẹ́ kí ó rí ojú mi. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi tí àyà mi ò tiẹ̀ dára tẹ́lẹ̀, ẹ wo bí tèmi ṣe máa rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Sìdí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra búrẹ́dì pé ọmọ òun máa sá eré ńlá náà ní orúkọ yín. Mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kí i, mo délé, mo sì fi orúkọ tèmi náà sílẹ̀ lórí fóònù mi. Mi ò sọ fún Màmá. Dókítà tí mo lọ bá ní kí n máa rìn, kí n má sáré. Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, mo máa ń wọ kánfáàsì, màá sáré díẹ̀ ní ọ̀nà Ìgàndó, àwọn ọmọ kíláàsì mi tó bá rí mi á máa pariwo, “Àǹtí wa ń sáré.” Mo rò pé ìyẹn tó. Ẹ̀yin ni ẹ bá sọ fún mi pé kò tó, bí ẹ bá wà.

Lọ́jọ́ eré, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí èrò ti kún Sùúrùlérè bí eéṣú. Mo dúró sẹ́yìn, mo fi ínhélà tí mo fi ń fa oògùn sáyà sínú àpò ṣòkòtò, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ìgbà yẹn ni mo rí Sìdí níwájú mi. Ó ti dàgbà, Bàbá, ó ti di obìnrin gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ìborùn kékeré bo irun rẹ̀, fèrè yín wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn aṣọ rẹ̀ pé: NÍTORÍ BÀBÁ MI.

Kò kọ “Tíṣà mi.” Kò kọ orúkọ yín. Bàbá mi ló kọ.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ, gbogbo ohun tí dókítà sọ fò lọ lórí mi. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo tẹ̀ lé. Bí ó bá yára, èmi náà á yára. Àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kígbe pé, “Ọmọ Bàbá, máa lọ. Ọmọ Bàbá, Ọlọ́run á gbà ọ́.” Òun náà ń juwọ́ sí wọn. Ẹnu mi ti gbẹ, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ Bàbá náà lèmi tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí, èmi tí mi ò kọ nǹkan kan sí aṣọ.

Oòrùn yọ nígbà tí a ń sún mọ́ afárá. Kò sí igi kan lórí afárá yẹn, kò sí òrùlé, ọ̀dà nísàlẹ̀, oòrùn lókè, ọ̀sà ń dán yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń ta ìtànṣán padà sójú èèyàn. Mo da omi inú ọ̀rá sórí, kí ó tó dé ọrùn mi ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Sìdí ń jìnnà sí mi. Mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà mo kàn ń rí àwọ̀ aṣọ, lẹ́yìn náà ó wọ àárín èrò. Ìgbà yẹn ni àyà mi dì. Mo mọ bó ṣe máa ń dì, Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo di irin etí afárá mú, ó jó mi lọ́wọ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó lulẹ̀. Mo fa ínhélà, mo tún fà á. Atẹ́gùn ò wọlé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá kú síbí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bá mi wí.

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń tọ́jú èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ tì mí. “Ẹ má dùbúlẹ̀, mà. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ máa wo ojú mi, ẹ jẹ́ ká jọ máa mí.” Ó fi nǹkan bò mí nímú, ó ń fẹ́ mi, títí tí ìlẹ̀kùn àyà mi fi ṣí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé mi padà sílé, wọ́n sì ní wọ́n máa wò mí dáadáa níbi tí eré parí sí.

Ojú wíńdò ọkọ̀ yẹn ni mo ti tún rí i. Ọkọ̀ wa rọra ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń sáré, mo sì rí Sìdí láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń tiro. Ó ń ju apá òsì síta bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń fi etí ẹnu mí. Bí ẹ ṣe máa ń sáré nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé èmi ni mo gbé imú yín àti iwájú orí yín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹlòmíràn ló gbé eré yín. Mo wò ó títí a fi kọjá, mo sì sunkún fún yín níbẹ̀, ẹkún tí mi ò rí sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀ létí òkun, mo lọ wá a. Ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn, ó bọ́ bàtà, èékánná rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó rí nọ́ńbà eré lára aṣọ mi, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà sáré? Pẹ̀lú àyà yín? Bàbá ò ní fẹ́ ẹ.”

“Sìdí, má sọ ohun tí bàbá mi máa fẹ́ fún mi.”

Ó tẹ orí ba. Mo rò pé ó máa bínú, ó wù mí kí ó bínú.

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò kúkú mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni mo mọ̀. Ọdún gbogbo tá a fi sáré, ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, fèrè ṣá ni.”

“Tí ẹ bá sáré tán ńkọ́?”

“Wọ́n á ní ó dàárọ̀. Wọ́n á wọlé tọ̀ yín, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Mo máa ń dúró síta láti mí, màá sì máa gbọ́ tí ẹ̀yin àtàwọn ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn. “Mo máa ń jowú yín gan-an, àǹtí. Kí ni wọ́n máa ń sọ fún yín lówùúrọ̀ yẹn?”

Gbogbo ọdún yẹn, mi ò ka ẹ̀rín yẹn sí nǹkan kan. Mo rò pé ilé gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀: kí bàbá wọlé pẹ̀lú òógùn, kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí ààrò, kí ó máa pa á lẹ́rìn-ín títí ògì yóò fi jinná.

Mo jókòó tì í lórí koríko. Mo sọ ìtàn eré àkọ́kọ́ yín ní Èkìtì fún un, bí ẹ ṣe wà níwájú gbogbo èèyàn tí ẹ fi rí igi máńgòrò, tí ẹ yà síbẹ̀, tí ẹ wá fi máńgòrò lẹ́nu ṣe ìkẹyìn, tí bàbá yín àgbà sì gba ìyókù máńgòrò lọ́wọ́ yín kí ó tó nà yín. Sìdí rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó mú. Ó ní kí n tún sọ òmíràn.

Òmíràn pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dúró dè mí, àánú rẹ̀ ṣe mí lóòótọ́, mo sì ní mi ò rántí mọ́.

Mo rántí, Bàbá. Mo rántí gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní pín in.

Ẹ sùn re o.

Èmi tí ẹ bí, tí mo ṣì ń fẹ́ yín fún ara mi nìkan.