Ẹni Tó Tan Iná Funfun

Mọ́ńdè, 9 oṣù kẹta

"Ìwọ olóríkunkun yìí, ta ní kó o tan iná funfun nínú yàrá mi? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Bí Màmá ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ láàbù ìwádìí ẹ̀. Èmi dúró, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Látìgbà tí mo ti fèèlì ìdánwò ni wọ́n ti ní kí n máa wá fọ ìgò níbẹ̀. Mi ò tan iná kankan.

Iná yẹ́lò nìkan ni wọ́n ń tàn nínú yàrá yẹn. Purotéènì tí Màmá ti ń sẹ́ látọdún tó kọjá, oògùn kan wà nínú ẹ̀ tí kì í fẹ́ rí iná funfun. Tó bá ti kàn án, ó dì bí ẹyin sísè. Lésà, iná tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ya nǹkan sínú ẹ̀, ò lè ya nǹkan kan mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló dì. Kí n má purọ́, ó dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Túsìdeè, 10

Mo ní kì í ṣe èmi. Màmá ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀. Kò burú.

Tọ́sìdeè, 12

Wọ́n rí purotéènì díẹ̀ pò. Àǹtí Awò — òun ló ń wa lésà, dígí ojú ẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò — ní kí n wá wò ó. Lésà yẹn á máa ya férémù díẹ̀díẹ̀ sínú omi purotéènì náà, òpó, àjà, fèrèsé, odidi ilé tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ. Wọ́n á wá da sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn sí i, kó máa gbébẹ̀, kó máa bí sí i, títí á fi di awọ fún ẹni tó jóná.

Ẹ wo ayé. Sẹ́ẹ̀lì ń gba ilé alájà. Èmi ọmọ bíbí inú, pálọ̀ ni mò ń sùn, torí yàrá mi ti di yàrá ìkàwé ẹ̀gbọ́n mi, Ọba Kékeré.

Àǹtí Awò ní, "Ó wù ẹ́, àbí?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Fúráídè, 13

Ọba Kékeré ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ìmọ́lẹ̀ ìdílé. Ó mú ọmọge ẹ̀ lọ sí láàbù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, iná yẹ́lò ò jẹ́ kí fọ́tò dáa, ló bá tan funfun. Ó gbé fọ́tò ọ̀hún sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún sáré pa á rẹ́. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Eyín báláú, iná funfun lórí ẹ̀, lésà lẹ́yìn ẹ̀, ojú bí ojú ọ̀bọ tó rí dígí.

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́, olódo?"

Màmá á gbà mí gbọ́. Fọ́tò kì í purọ́.

Sátidé, 14

Mo fi han Màmá. Kò tiẹ̀ gba fóònù náà. Aṣọ ló ń ká.

"Kí n tó pariwo lé ẹ lórí ni mo ti rí i."

Mo fi fóònù padà sápò.

Ó ní, "Ọmọ mi, níbi tí ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ lọ kàwé yẹn, èmi ni mo dúró fún un. Bí wọ́n bá gbọ́, ó parí. Ìwọ ńkọ́? Kí ló kù tó máa bà jẹ́ lára tìẹ?"

Ọmọ mi. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ látìgbà ìdánwò.

Ó ní kí n tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn ní Mọ́ńdè. Ó ní òun á ra fóònù tuntun fún mi. Fóònù!

Sọ́ńdè, 15

Mo ti rò ó. Lọ́la màá kúnlẹ̀. Màá ní èmi ni, màá sunkún níwọ̀nba, débi tí àánú mi á fi ṣe Àǹtí Awò. Àmọ́ òótọ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ni ìgbẹ̀yìn. Mi ò tún ní sọ òótọ́ kankan fún Màmá mọ́, ì báà kéré, ì báà tóbi. Mi ò ní bínú, mi ò ní yájú. Màá kàn máa purọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí màá fi kúrò nílé yìí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìpinnu yìí lẹ́nu mi.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ké sí mi láti yàrá ẹ̀ ni, ó ní ṣé mo ti jẹun.

Mo ní, "Mo ti jẹun, mà. Ẹ ṣé, mà."

Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.