Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù, Kì Í Ṣe Èmi Ni Mo Bà Á Jẹ́

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn ilé. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́ àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kà á sókè, kí gbogbo agboolé gbọ́, torí gbogbo agboolé náà ló gbọ́ tẹnu Ọ̀gá Ráfíù lọ́jọ́ tó pè yín lórí fóònù.

Inú ń bí mi, Ìyá. N kò ní fi bò. Ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá mi, kí n gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kí ẹ tó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ inú ọkọ̀ ni mo wá ṣe ní Ifangni níbí, ní òdìkejì ẹnubodè. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ráfíù wà lẹ́bàá títì tó lọ sí Igolo. Èmi ni mò ń rán aṣọ àga, mo sì ń pààrọ̀ aṣọ ara bọ́ọ̀dù ilẹ̀kùn, ìyẹn ibi tí ẹ máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé bí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀. Kì í ṣe ìṣó ló di bọ́ọ̀dù yẹn mú. Ike kéékèèké ni, wọ́n rí bí orí olú, wọ́n á tẹ̀ wọ́n bọ ihò ara irin ilẹ̀kùn yí ká. Kílíìpù là ń pè wọ́n nílé, àgíráàfù ni wọ́n ń pè wọ́n níbí. Àwọn ọkọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti gbó, oòrùn ti jó ike wọn títí ó fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Bí èèyàn bá fi agídí fà á, á kán.

Èmi kì í fi agídí fà á. Mo gbẹ́ ọparun pẹlẹbẹ kan, mo fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀. Màá kọ́kọ́ wá ìdè irin, ìyẹn síkúrù, tó sá pamọ́ sẹ́yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn, màá tú u. Lẹ́yìn náà ni màá ti ọparun bọ abẹ́ bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike kọ̀ọ̀kan, màá máa gbé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi já jáde. Èyí tó bá kán, màá wá òmíràn lára àwọn ọkọ̀ tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ náà kì í yá, ohun tí ọ̀gá kórìíra nìyẹn. Ó ní mò ń ṣe ilẹ̀kùn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tirẹ̀, sikurudíráfà gígùn ló máa ń kì bọ̀ ọ́, á sì fà á ya. Gbogbo ike á kán, á fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́ọ̀dù padà, á wá lu ìdè irin gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé èmi obìnrin tó ti Ìsẹ́yìn wá ni màá kọ́ òun níṣẹ́.

Òjò ń rọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Awakọ̀ takisí ni, ará Daagbé. Ó ní gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Àga ni mò ń rán lọ́wọ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tú u. Mo gbọ́ bí àwọn ike ṣe ń kán. Ó tún gíláàsì ṣe, ṣùgbọ́n wáyà tó so ọwọ́ inú ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ já, kò so ó padà kó tó lẹ bọ́ọ̀dù, kó tó lu ìdè irin gbà á kọjá. Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kò ní ṣeé ṣí láti inú. Ó ní Pọ́ọ̀lù á máa ṣí i fún èrò láti ìta.

Kò pẹ́ tí Pọ́ọ̀lù gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Igolo. Ó tìlẹ̀kùn ọkọ̀ nítorí olè, ó lọ ṣẹ́ owó. Màmá Pọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn, àpò gàrí dí ẹ̀gbẹ́ kejì àti iwájú pa. Bí èéfín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú wọlé láti ibi ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Màmá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, odindi bọ́ọ̀dù ló ṣí bọ́ sí i lọ́wọ́, ilẹ̀kùn kò ṣí. Gíláàsì kò sọ̀ kalẹ̀, torí ìdè tí ọ̀gá lù ti gé wáyà rẹ̀. Alábàárù kan ló fi òkúta fọ́ gíláàsì, tí wọ́n fi fà á jáde. Apá rẹ̀ ya láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kó èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá nawọ́ sí mi. Faransé ló fi sọ ọ́, ó rò pé n kò gbọ́. Ó ní ará Nàìjíríà yẹn ló ṣe ilẹ̀kùn. Gbogbo àwọn tí a jọ ń jẹun ni wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì rí ẹni tó tú u. Wọ́n wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nílùú yìí, n kò dá wà tó bí mo ṣe dá wà lọ́jọ́ náà.

Mo gun sémíjàn, ọ̀kadà tibí, lọ sí Daagbé nínú òjò. Pọ́ọ̀lù ní òun kò fẹ́ rí mi. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Màmá ní kò burú, òun fẹ́ kí ọ̀gá sọ ọ́ lójú òun. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi gọ́ọ̀mù hàn wọ́n, mo fi ìdè tó gé wáyà hàn wọ́n. Ọ̀gá ṣì ní èmi ni. Ìgbà náà ni Bàbá Ìdòwú tó ń kun ọkọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, Ráfíù, ìwọ ni, ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá lé àwa méjèèjì lọ́jọ́ náà. Kò wo apá Màmá, kò sì kí i kú ewu.

Ohun tó pè yín sọ pé mo ṣe nìyẹn. Ọwọ́ á há díẹ̀ ní oṣù yìí, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín á pẹ́ díẹ̀. Àgbàlá Màmá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lábẹ́ tapólì. Ó ṣì ń fi ọwọ́ kan bó ẹ̀gẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a di ìdí ẹ̀gẹ́ náà mú. Mò ń wò ó lójoojúmọ́. Bí mo bá lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá Ráfíù, ojú wo ni màá fi wo obìnrin yìí? N kò ní lọ, Ìyá. Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Ìyá Sùúrù ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á le, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé ṣí láti inú.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyábọ̀