Gírísì Lórí Ìyá

Bàbá Ráfíù,

Ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó wọlé. Láàárọ̀, mo yọ́ òrí pọ̀ mọ́ òróró àgbọn, mo fi kun irun Ìyá yín. Àṣé agolo gírísì tí ẹ gbé wá láti ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì yín ní Suame ni mo bù! Ta ní ń gbé gírísì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo ti sáré lọ bi Àǹtí Yaa onídìrí léèrè ní Asafo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kẹrosíìnì yín sún mọ́ orí Ìyá. Wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n ní òórùn ọmọ àwọn ni.

Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Ìyá Ráfíù