Ọ̀pá Áńtẹ́nà Ẹ̀yìnkùlé

Ìṣẹ́gun, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì 1995
Salome, ìyàwó sójà tó ń gbé Àjàgbà, yà kí mi. Ó ní nírọ̀lẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tẹlifíṣọ̀n máa fi àwọn sójà wa tó wà lójú ogun ní Laibéríà hàn, wọ́n á kí ará ilé. Lérè ọkọ mi, Gíga mi, wà ńbẹ̀. Láti ọdún Àjíǹde, kò sí lẹ́tà, kò ránṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.
Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹni da gààrí sí i lójú. Ariwo ṣáá.

Ọjọ́bọ̀, 3
Gíga ló máa ń yí ọ̀pá áńtẹ́nà. Á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, á di irin yẹn mú lẹ́yìnkùlé, á pariwo: "Ó ti mọ́?" Èmi nínú ilé: "Rárá o!" Nígbà míì ó ti mọ́ tipẹ́. Mo kàn fẹ́ kó tún bi mí ni.
Lónìí mo dá yí i. Mo yí i, mo sáré wọlé — gààrí. Mo tún sáré jáde. Títí Tolú ọmọ wa fi jí lẹ́yìn mi. Iṣẹ́ ẹni méjì ni.

Ẹtì, 4
Mo so ọmọrí ìkòkò mọ́ ọ̀pá náà. Pàbó.

Mọ́ńdè, 7
Wáyà ti dípẹtà níbi tó ti kan páànù. Mo fi eyín bó o, mo lọ́ ọ pọ̀. Ó sàn díẹ̀ — mo rí orí èèyàn, mi ò rí ojú. Iye, ìyá ọkọ mi, gbé omi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá, ó fẹ́ wọ́n ọn sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Mo fò mọ́ ọn. Iye, iná wà ńbẹ̀ o! Ó ní, "Ìyàwó, ṣé iná ju Olúwa lọ ni?" A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ọjọ́rú, 9
Mo bẹ Iye kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kó máa ké sí mi. Ó kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi gbogbo wọn hàn tí òun ò rí Lérè ńkọ́? Ohun tó ń ba èmi náà lẹ́rù nìyẹn.
A jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa. Bí Gíga bá wà, ṣé ilé yìí á dákẹ́? Á ní ọbẹ̀ ẹja mi ló mú òun ní Erinje tá a ti pàdé, kì í ṣe ojú mi.

Sátidé, 12
Iye ò kọ̀ mọ́. Ó gba Tolú lọ́wọ́ mi, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.
Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé. Mo yí ọ̀pá. "Gààrí!" Mo yí i. "Gààrí!" Mo wá dì í mọ́ àyà báyìí — "Ó mọ́!" Mo fi sílẹ̀. "Ó ti lọ!" Mo tún dì í mọ́ra.
Mo ń gbọ́ bí àwọn sójà ṣe ń kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Iye wá ké: "Lérè! Lérè ọmọ mi rè é o!" Mo fẹ́ sáré. "Ìyàwó, má kúrò o! Á sá lọ!"
Mo dúró. Ohùn Gíga gba ojú fèrèsé jáde: Ìyá Tolú, mo kí ẹ o. Mi ò rí i.
Iye ló wá já ọwọ́ mi kúrò lára irin. Ó ń jó ijó ayọ̀. Ó ní Lérè ti rù, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ó dúró dáadáa. Ó ní rárá, ó jókòó ni. Àwọn tó kù ńkọ́? Gbogbo wọn dúró, ó ní, Lérè nìkan ni wọ́n gbé àga fún, wọ́n sì da aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀.
"Wọ́n mọyì ẹ̀ lọ́hùn-ún!"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Iye.