Àmì Orí Ọkọ́

                                        Ilé Ògúnjìnmí,
                                        Òsì,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 1978.

Fúnmilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da àbígbẹ̀yìn láàmú ti lọ? Ìlọrin ńkọ́, ṣé ooru rẹ̀ kò tíì yan yín gbẹ? Ara mi le, àfi ọwọ́ ọ̀tún tó ń ro mí, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ti gbàgbé ọ̀nà Òsì. Mo gbèjà rẹ díẹ̀, mi ò gbèjà rẹ tán.

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ̀wé. O rántí Alimat tí a jọ ka ìwé, tó ti di Ìyá Sulaiman báyìí, tó ń dáko lọ́nà Eruku látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ní ìpàtẹ irè oko ọdún tó kọjá, iṣu rẹ̀ ló gba ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n máa pe orúkọ, ti olóògbé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n pè. Àbúrò olóògbé ló jáde lọ gba mẹ́dàlì, ó sì fi kọ́rùn lọ sílé. Alimat tó kọ ebè dúró láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún yìí, àwọn obìnrin tó ń dáko parapọ̀, wọ́n ní kí n ṣe mẹ́dàlì fún gbogbo obìnrin tó bá ru irè oko ara rẹ̀ wá. O mọ̀ pé bí obìnrin bá gbé iṣu ńlá jáde níhìn-ín, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni pé ta ló bá a kọ ebè. Èsì tí àwọn obìnrin náà máa ń fọ̀ ni wọ́n ní kí n fín sí i: ỌKỌ́ MI NI.

Mo kó irinṣẹ́ bàbá mi jáde. Ara irin la ti ń fín ọ̀rọ̀, ìyẹn ni òǹtẹ̀. Bí a bá fi òòlù ńlá lù ú mọ́ idẹ, ọ̀rọ̀ á yọ lára idẹ. Torí náà, òdì la ń fín gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé nínú dígí. Bàbá mi máa ń ní òǹtẹ̀ kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni, ohun tí a fín ló ń sọ. Mo yí K, mo yí N, mo ń yọ̀. Kí n tó kì í bọ iná, mo tẹ̀ ẹ́ sára òjé láti dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi, ỌKỌ̀ MI NI ló jáde. Mo yí lẹ́tà, mi ò yí àmì! Ṣé mẹ́dàlì ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń wà lára wọn. Mo ti sọ àwọn àgbẹ̀ di onímọ́tò.

Ibi tí mo ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín ni Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, alága ìpàtẹ, bá wọlé. (Mi ò ní pè é ní “wọn” lónìí.) Ó rí òjé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò bínú sí ìyẹn. Àfi bó ṣe nu ojú tán tó ní kí n má wulẹ̀ fi àmì kankan sí i mọ́, pé ìwé ìjọba pàápàá kì í ní àmì. Mo ní láìsí àmì, ỌKỌ MI NI ló máa dà. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn lọ́rùn obìnrin? Ó ní bí mo bá fi àmì sí i, òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́rùn lórí pápá ìpàtẹ.

Mo lọ bá Alimat lóko, mo ní bóyá ká gbà fún un. Kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

“Damaris, ọkọ mi ti wọ ulẹ̀ lọ,” ó ní. “Mo sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òkú kì í kọ ebè.”

Mo padà délé, mo fi ayùn rẹ́ gbogbo ojú irin náà kúrò, nítorí ohun tí a bá ti fín wọnú irin kò ṣe é pa rẹ́ lọ́tọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àmì orí ọkọ́ ni mo kọ́kọ́ fín lọ́tẹ̀ yìí, mo dorí rẹ̀ kọ apá òsì kó lè wo ọ̀tún lára idẹ. Mo kì í bọ iná títí ó fi pọ́n, mo sì jù ú sínú òróró. Irin tó bá ti mu òróró báyẹn, ayùn ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Alága tún yọjú lánàá. Mo gbé òǹtẹ̀ fún un, mo gbé ayùn tì í, mo ní bó bá lè yọ àmì náà, kó yọ ọ́. Ó fi ayùn gbò ó, gbò ó, ayùn kàn ń yọ̀ ni. Ó ní orí mi le ju irin náà lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti lu gbogbo mẹ́dàlì náà tán. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, ni ìpàtẹ. Bí wọn ò bá jẹ́ ká wọ pápá, ẹnu ọ̀nà la ti máa gbé e kọ́rùn, tàwa ti iṣu wa. A ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí Bilikis, aládùúgbò rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ náà, ìyẹn èyí tí kò ní àmì lórí.

Wo inú àpòòwé yìí dáadáa. Òjé tí mo bàjẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó ní ỌKỌ̀ MI NI. Má tún sọ fún mi pé o ò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Òsì. Wọ èyí, kí o sì sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá, lọ́dọ̀ wa.

Tìrẹ lèmi, olórí líle,
Damaris Ògúnjìnmí