Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Màmá

Ayétòrò, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Mo ní kí bíríkìlà wó ògiri tó mọ lánàá nílé tuntun wa, kí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá lè gba àga onítáyà rẹ̀. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣebí a máa ń gbé Màmá wọlé!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Nílé tí mò ń kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbé ìyá wa wọlé mọ́."



Lọ́wọ́ alẹ́, nígbà tí bíríkìlà ti fẹ ẹnu ọ̀nà náà tán, a mú Màmá wá wò ó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà wọlé, ó dúró níbi tí fèrèsé máa wà, ó ń kí àwọn tó ń ti oko bọ̀. Orí mi wú. Mo ní ká máa lọ.

Ó ní, "Ẹ máa lọ ná. Èmi wà nílé mi."